Bí Ẹ Ṣe Lè Mú Kí Bátìrì Ọkọ̀ Hybrid Yín Móoru Nígbà Òtútù

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi Prius, ọkọ̀ hybrid ti Toyota tó ń fi epo àti iná bátìrì rìn, gbé èrò ní Chicago, ní Minneapolis, tàbí ní Winnipeg lókè lọ́hùn-ún, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ wa la fẹ́ràn ọkọ̀ yìí nítorí kì í mu epo, ara rẹ̀ sì le. Àmọ́ tí oṣù kìíní bá ti wọlé, ìbéèrè kan náà ló máa ń wà lẹ́nu gbogbo wa: kí la máa ṣe fún bátìrì yìí tí òtútù ò fi ní pa á? Ìbéèrè tó tọ́ ni. Lọ́jọ́ 30 oṣù kìíní ọdún 2019, ní pápákọ̀ òfurufú O'Hare, òtútù já dé dígírì 23 sísàlẹ̀ òdo lórí ìwọ̀n Fahrenheit, ìyẹn bíi 31 sísàlẹ̀ òdo lórí ìwọ̀n Celsius. Irú ẹ̀ kì í ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ló yẹ kéèyàn máa múra dè.

Kókó ọ̀rọ̀ mi ò pọ̀. Inú ọkọ̀, níbi tí ẹ̀yin àti èrò yín jókòó sí, ni bátìrì ńlá ti hybrid wà. Kò sí níta lábẹ́ bónẹ́ẹ̀tì. Ohun tó bá mú ara yín móoru ló máa mú òun náà móoru, iṣẹ́ tó bá ń ṣe ló sì máa parí ìyókù. Ẹni tó bá fẹ́ ta bùláńkẹ́ẹ̀tì bátìrì fún yín, ẹ ní kó lọ fi bora.

Bátìrì wo lẹ ń sọ ná?

Bátìrì méjì ló wà nínú Prius, ọ̀pọ̀ ẹ̀sùn tí wọ́n sì ń fi kan ńlá, kékeré ló jẹ̀bi ẹ̀. Nínú Prius ọdún 2004 sí 2009, fólítì 201.6 ni ńlá; ẹyọ 28 ni wọ́n tò ti ara wọn nínú àpótí irin kan lẹ́yìn ìjókòó ẹ̀yìn, lábẹ́ ilẹ̀ búùtù. Ti 2010 sí 2015 náà ò kúrò níbẹ̀. Láti 2016 ni wọ́n ti gbé e wá sábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn. Kékeré ni bátìrì fólítì 12 tí gbogbo mọ́tò ní, kọ̀rọ̀ búùtù lápá ọ̀tún ló sì wà nínú àwọn Prius àtijọ́ wọ̀nyẹn.

Kékeré yìí kì í yí ẹ́ńjìnnì, ńlá ló ń yí i. Iṣẹ́ ti kékeré ò ju kó jí kọ̀ǹpútà ọkọ̀, kó sì ṣí ọ̀nà fún iná ńlá láti wọlé. Ṣùgbọ́n bí kò bá lè ṣe ìwọ̀nba yẹn, ńlá ì báà kún dẹ́nu, ọkọ̀ ò ní lọ síbì kankan.

Àmì tí ẹ máa fi dá wọn mọ̀ rèé. Tí ẹ bá tẹ POWER, tí iná dáṣíbọ́ọ̀dù ń ṣe bàìbàì, tó ń ṣẹ́jú, tí nǹkan ń ró kẹ́kẹ́kẹ́, tí READY (ọ̀rọ̀ tó máa ń tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù tí ọkọ̀ bá ti ṣetán láti rìn) ò sì yọ, kékeré ni. Tí iná bá mọ́ kedere ṣùgbọ́n tí àmì pupa onígun mẹ́ta yọ pẹ̀lú ìkìlọ̀ nípa hybrid, ẹ wá mẹkáníìkì tó ní ẹ̀rọ ìwádìí tó mọ hybrid. Tí READY bá yọ, tí ọkọ̀ ń rìn, àmọ́ tó ń wọ́, tí ẹ́ńjìnnì ò fẹ́ kú, tí ìlà ṣáàjì ò fẹ́ gòkè, kò sí àìsàn kankan lára rẹ̀. Òtútù ló ń mú un. Èyí ìkẹyìn yìí ni ìyókù ọ̀rọ̀ wa dá lé, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká yanjú ti kékeré ná.

Ẹ fi mítà wò ó ní òwúrọ̀ tí ọkọ̀ ti sinmi mọ́jú. Fólítì 12.6 dára. Tó bá ti ń já sí 12.0 lẹ́yìn tí ẹ fún un ní ṣáàjì tó kún, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kí yìnyín tó bẹ̀rẹ̀, kò gba ìpàdé ẹbí. Irú tí wọ́n ń pè ní AGM ni kí ẹ rà fún èyí tó wà nínú búùtù, kí ẹ sì rí i pé wọ́n dá rọ́bà tó ń gbé afẹ́fẹ́ bátìrì síta padà sẹ́nu rẹ̀, torí inú ọkọ̀ kan náà tí ẹ ti ń mí ló wà. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń jókòó de èrò ní O'Hare tí ẹ ń gbọ́ rédíò, ẹ má ṣe jókòó nínú ACC, ìyẹn ibi tí rédíò ti ń ṣiṣẹ́ láìjẹ́ pé READY yọ. Inú READY nìkan ni ńlá ti ń fún kékeré ní ṣáàjì.

Tí kékeré bá ti kú pátápátá, búùtù ò ní ṣí, torí iná ni wọ́n fi ń ṣí i. Ẹ yọ kọ́kọ́rọ́ irin tó wà nínú rìmóòtù, ẹ fi ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀, ẹ ṣí bónẹ́ẹ̀tì, kí ẹ wá àpótí fíùsì. Ìdérí rọ́bà pupa kékeré kan wà níbẹ̀. Abẹ́ rẹ̀ ni ẹ máa so wáyà pupa mọ́ tí ẹ bá fẹ́ jọ́ńpù rẹ̀. Wáyà dúdú, irin tí kò ní ọ̀dà lára ni kí ẹ so ó mọ́. Ẹ má ṣe so wọ́n gbòdì o, ohun tó máa jóná níbẹ̀, owó rẹ̀ kì í ṣe owó ọwọ́. Bátìrì tó ti dì gbagidi tí ara rẹ̀ sì wú, ẹ má jọ́ńpù rẹ̀ rárá, ó lè bú gbàù. Èyí tó kún, òtútù Chicago ò lè mú un dì. Òfìfo ló máa ń dì.

Ọ̀kan tí mi ò lè ṣàìsọ: ọkọ̀ ọmọ Nàìjíríà kì í kọ̀ kó má wá èèyàn tì í. Prius ò gba títì. Ẹ tì í dé Indiana, READY ò ní yọ.

Ohun tí òtútù ń ṣe fún ńlá

Ẹ ti rí epo pupa tó dì nínú ìgò rí nígbà òtútù. Epo náà ò dín, kò kàn fẹ́ ṣàn ni. Bí iná ṣe máa ń rí nínú bátìrì nickel nìyẹn, èyí tó wà nínú ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn Prius àtijọ́. Kẹ́míkà inú rẹ̀ á lọ́ra, kò ní lè fún ọkọ̀ ní agbára púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò sì ní lè gba ṣáàjì púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Kọ̀ǹpútà mọ̀ bẹ́ẹ̀, á sì jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì bá a gbé ẹrù náà. Ó tún fẹ́ kí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ gbóná, kí hítà lè ríṣẹ́ ṣe. Ìdí nìyẹn tí epo fi ń lọ sí i nígbà òtútù. Tí bátìrì bá ti móoru, gbogbo rẹ̀ á padà bọ̀ sípò.

Ti lithium yàtọ̀ díẹ̀. Bí wọ́n bá fi ipá fún un ní ṣáàjì nígbà tí inú rẹ̀ ti tutù kọjá òdo Celsius, ó lè bàjẹ́ tí kò ní ṣeé tún ṣe, nítorí náà kọ̀ǹpútà kì í gbà kí ṣáàjì náà pọ̀. Toyota fúnra rẹ̀ mọ ọ̀rọ̀ yìí: nígbà tó gbé Prius AWD-e tọdún 2019 jáde ní Amẹ́ríkà, èyí tó ń fi táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fà nínú yìnyín, bátìrì nickel ló fi sínú rẹ̀ torí òtútù.

Síbẹ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dẹ́rù bà yín jù. Ẹni tó ń fi Prius rìn nínú gosíló Èkó lọ́sàn-án gangan ló yẹ kó máa ṣàníyàn nípa bátìrì rẹ̀ ju ẹni tó wà ní Minnesota lọ. Òtútù ń sọ ọ́ di ọ̀lẹ ni, ooru ló ń pa á.

Nígbà tí wọ́n bá sì ń ka ojú ọjọ́ lórí tẹlifíṣọ̀n, iye méjì ni wọ́n máa ń sọ: ìwọ̀n òtútù gan-an, àti bí afẹ́fẹ́ ṣe máa mú kó rí lára èèyàn. Ẹ máa wo ti gan-an. Bátìrì ò ní awọ ara. Afẹ́fẹ́ lè mú kí ọkọ̀ tètè tutù, kò lè mú kó tutù ju ojú ọjọ́ lọ.

Iṣẹ́ alẹ́

Tí ẹ bá ní gáréèjì, ẹ kó ẹrù tó kún ibẹ̀ kúrò kí ẹ gbé ọkọ̀ wọlé. Èyí tí kò ní hítà pàápàá, tó bá ti so mọ́ ilé, máa ń móoru ju ìta lọ dáadáa. Ta ló sọ pé agolo ọ̀dà àti kẹ̀kẹ́ àwọn ọmọ ló yẹ kó máa sun inú ilé? Ẹni tí kò bá ní gáréèjì, kó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ògiri tí afẹ́fẹ́ kì í gbà kọjá, bó bá ṣeé ṣe níbi tí oòrùn òwúrọ̀ á ti kọ́kọ́ kàn án.

Bátìrì yìí wúwo, kì í sì í tutù kíákíá. Tí ẹ bá ti ibi iṣẹ́ dé, ó ṣì máa móoru fún wákàtí bíi mélòó kan. Nítorí náà, bí ẹ bá ní ọjà láti rà tàbí ọmọ láti gbé, ẹ so ó mọ́ iṣẹ́ yín lẹ́sẹ̀ kan náà. Kí ẹ wọlé, kí ọkọ̀ tutù, kí ẹ tún jáde lọ ra búrẹ́dì ní òpópónà kejì, kò dáa fún un. Ẹ́ńjìnnì á kàn jẹ epo lásán ni, bátìrì ò sì ní tíì móoru tí ẹ ó fi padà délé.

Ẹ wo ìlà ṣáàjì kí ẹ tó pa á. Tó bá ku ìlà kan tàbí méjì, ẹ má ṣe fi í sílẹ̀ mọ́jú bẹ́ẹ̀. Ẹ fi sí P nínú READY, kí ẹ ní sùúrù kí ẹ́ńjìnnì fún un ní ṣáàjì díẹ̀. P ni mo wí o. Tó bá wà ní N, ẹ́ńjìnnì ì báà ké títí ilẹ̀ á fi mọ́, kò ní fún bátìrì ní nǹkan kan.

Iṣẹ́ òwúrọ̀

1. Ẹ kọ́kọ́ gbá yìnyín kúrò lẹ́nu páìpù èéfín. Ẹ má fojú kéré èyí. Bí yìnyín bá dí i, èéfín á padà wá sínú ọkọ̀.

2. Ẹ tẹ bíréèkì, ẹ tẹ POWER, kí ẹ dúró de READY. Ẹ́ńjìnnì lè ké ju bó ṣe máa ń ké lọ. Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kó máa ké.

3. Ẹ fi hítà sí dígírì 70 sí 72 Fahrenheit, ìyẹn 21 sí 22 Celsius, kí ẹ sì tẹ AUTO. Tí ECO bá wà lórí rẹ̀, ẹ yọ ọ́ fúngbà díẹ̀, torí ó máa ń fawọ́ hítà sẹ́yìn. Mo mọ̀ pé àwọn kan wà tí wọ́n máa ń wọ ẹ̀wù mẹ́ta, tí wọ́n tan iná ìjókòó nìkan, kí epo má baà lọ. Ìdí yín ni iná ìjókòó ń yá, kò yá bátìrì. Lọ́jọ́ tí òtútù bá le gan-an, ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ móoru.

4. Ẹ gbá yìnyín tó wà lórí ọkọ̀ nígbà tó ń ṣiṣẹ́. Tí gíláàsì bá ti mọ́, ẹ máa lọ. Ìṣẹ́jú márùn-ún tó. Kí ọkọ̀ dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kó máa gbóná, owó epo lẹ ń jó. Bátìrì tó ń ṣiṣẹ́ lójú ọ̀nà ló ń tètè móoru, torí gbogbo ìgbà tí iná bá wọlé tàbí tó jáde, inú rẹ̀ fúnra rẹ̀ ń gbóná.

5. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àkọ́kọ́, ẹ rọra. Ẹ gba àárín ìgboro, ẹ má ṣe já sí Lake Shore Drive kí ẹ sì tẹ iná mọ́lẹ̀ lẹ́sẹ̀ kan náà. Bíréèkì náà, ẹ tètè máa fẹsẹ̀ kàn án fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́. Bátìrì tó tutù ò lè gba gbogbo agbára tí bíréèkì ń dá padà, nítorí náà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ gìdìgìdì, páàdì bíréèkì ló máa ṣe gbogbo iṣẹ́, òfò lagbára yẹn. Yìnyín ilẹ̀ náà ò sì fẹ́ ẹni tó ń tẹ bíréèkì lójijì.

Ẹni tó bá fẹ́ràn àtimọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lè ra ẹ̀rọ kékeré OBD oní-Bluetooth, tó máa ń ka ohun tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ń sọ, kó fi bọ ihò tó wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, kó sì fi áàpù bíi Dr. Prius wo ìwọ̀n ooru bátìrì. Nínú Prius 2004 sí 2015, ẹ máa rí TB1, TB2 àti TB3, ojú mẹ́ta tí wọ́n ti ń wọn ooru bátìrì láti òpin kan dé èkejì. Ẹ máa rí i bí wọ́n ṣe ń gòkè díẹ̀díẹ̀. Èmi gbà pé tó bá ti kọjá 15 Celsius, ẹ lè máa wakọ̀ bí ẹ ṣe máa ń wà á. Tí ọ̀kan nínú wọn bá gbóná ju àwọn yòókù lọ lọ́nà tó hàn gbangba, ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì yẹ̀ ẹ́ wò.

Ojú ihò afẹ́fẹ́

Nínú Prius àtijọ́, ẹ jókòó sẹ́yìn lápá ọ̀tún, kí ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ìjókòó níbi tó sún mọ́ ilẹ̀kùn. Ẹ máa rí ihò oní-ike kan tí wọ́n là ní ìlà ìlà. Imú bátìrì nìyẹn. Fáànù kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tó máa ń fa afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ gba ara bátìrì kọjá nígbà tí bátìrì bá gbóná. Láti 2016, iwájú ìjókòó ẹ̀yìn nísàlẹ̀ ni kí ẹ wò.

Ìgbà òtútù gan-an ni ihò yìí máa ń dí jù. Èrò á bọ́ kóòtù onírun, á sọ ọ́ síbẹ̀. Ọmọ á fi ṣọ́ọ̀lù há a. Ẹ̀yin fúnra yín á di báàgì Ghana-must-go kún ẹ̀yìn ọkọ̀ lọ sí òde. Ẹ lè máa rò ó pé òtútù ni, kí ló kan fáànù? Ẹ jẹ́ kí hítà ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan, kí ẹ gbé èrò mẹ́rin, kí ẹ sáré lórí I-94, bátìrì tó tutù láàárọ̀ á ti gbóná tó láti nílò afẹ́fẹ́. Èyí náà ló jẹ́ kí bùláńkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n bá fi wé bátìrì jẹ́ ewu: ó lè dí afẹ́fẹ́ mọ́ ọn.

Ẹ máa fi ẹ̀rọ tó ń fa eruku fa ojú ihò náà tí ẹ bá ń gbá inú ọkọ̀. Tí fáànù bá ń pariwo tàbí tí ẹ máa ń gbé ajá, ẹ ní kí wọ́n tú fáànù náà fọ̀. Ẹ má tú u fúnra yín. Wáyà aláwọ̀ ọsàn tí ẹ máa bá pàdé níbẹ̀, fólítì tó ju 200 lọ ló ń gba inú rẹ̀ kọjá, á sì pààyàn.

Ẹ́ńjìnnì náà fẹ́ ìrànlọ́wọ́

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ra block heater, hítà kékeré tí wọ́n ń so mọ́ ẹ́ńjìnnì tí wọ́n sì ń fi iná ilé tàn, kí wọ́n lè mú bátìrì móoru. Kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, ẹ́ńjìnnì ló ń yá. Ṣùgbọ́n mo fara mọ́ ọn dáadáa, torí tí ẹ́ńjìnnì bá ti lọ́wọ́ọ́wọ́, hítà á tètè gbóná, inú ọkọ̀ á móoru, bátìrì á sì rí ti ẹ̀ gbà. Ti Prius kì í jẹ iná púpọ̀, bíi 400 wáàtì ni. Wákàtí méjì tàbí mẹ́ta kí ẹ tó jáde tó. Ẹ fi táímà sí i, kí ẹ sì lo wáyà onírin mẹ́ta tí wọ́n ṣe fún ìta.

Àwọn kan máa ń fi fóòmù tí wọ́n fi ń bo páìpù omi dí ojú ihò ìsàlẹ̀ níwájú ọkọ̀, kí afẹ́fẹ́ tútù má baà máa fẹ́ lu rédíétọ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ o. Ẹ má dí gbogbo rẹ̀, torí apá kan níbẹ̀ ló ń tu ẹ̀rọ iná ńlá lára, kí ẹ sì rántí yọ ọ́ tí ojú ọjọ́ bá ti ń yá.

Táyà: bí dígírì mẹ́wàá Fahrenheit bá ti já, bíi psi kan á dín nínú afẹ́fẹ́ rẹ̀. Ẹ máa wọ̀n ọ́n.

Ohun tí mi ò fẹ́ gbọ́ pé ẹ ṣe ni kí ẹ gbé hítà iná ilé tàbí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun sínú búùtù mọ́jú. Ilé á jó. Ẹ má sì ṣe mú ọkọ̀ gbóná nínú gáréèjì tí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní pípadé. Hybrid burú nínú ọ̀rọ̀ yìí ju ọkọ̀ mìíràn lọ, torí ẹ́ńjìnnì á kú, gbogbo ibi á dákẹ́, ẹ ó rò pé ẹ ti pa ọkọ̀, ẹ ó wọlé lọ sùn. Lẹ́yìn náà ó máa tan ara rẹ̀. Carbon monoxide kò ní òórùn, àwọn èèyàn sì ti bá irú ẹ̀ lọ ní Amẹ́ríkà. Ẹ máa wo READY kó kú kí ẹ tó bọ́ sílẹ̀.

Tó bá jẹ́ èyí tí ẹ ń so mọ́ iná ilé

Prius Prime, láti 2017, ní hítà tirẹ̀ fún bátìrì lithium rẹ̀. Iṣẹ́ yín ò ju kí ẹ fi í sórí iná mọ́jú, kí ẹ sì fi aago sí i kí ṣáàjì parí nígbà tí ẹ máa jáde. Ṣáàjì tó parí ní aago méjì òru, bátìrì á ti tutù padà kí ilẹ̀ tó mọ́. Tí ẹ bá lè yá inú ọkọ̀ nígbà tó ṣì wà lórí iná, iná ilé ló máa san owó ẹ̀, kì í ṣe bátìrì.

Nígbà tí ẹ bá ń lọ sílé ní oṣù kejìlá

Tí ẹ bá ń lọ ṣe ọdún nílé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́fà, ńlá ò ní yọ yín lẹ́nu bí ẹ bá fi í sílẹ̀ pẹ̀lú ìlà márùn-ún tàbí mẹ́fà. Ó máa ń jò díẹ̀díẹ̀, kì í tán láàárín ìgbà yẹn. Kékeré ló máa kú. Bí ẹ bá ní iná nítòsí, ẹ so ṣájà kékeré tó mọ AGM mọ́ ọn. Bí kò bá sí, ẹ tú wáyà dúdú rẹ̀ kúrò, ṣùgbọ́n ẹ rántí pé búùtù ò ní ṣí mọ́ tí ẹ bá ti pa á dé, àfi tí ẹ bá fún un ní iná láti abẹ́ ìdérí pupa iwájú yẹn. Kọ́kọ́rọ́ irin kò gbọ́dọ̀ jìnnà sí yín.

Èyí tó dáa jù ni kí ẹ bẹ ẹnì kan, àbúrò tàbí aládùúgbò, kó máa wà á ní ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀, bíi máìlì mẹ́wàá. Tí kò bá lè wà á, kó jókòó sínú rẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ kọ ọ́ fún un sórí ìwé kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ sítíárì, torí téèyàn bá wà ní Ìbàdàn, kò sóhun tó lè ṣe sí i mọ́: ìta ni kó gbé ọkọ̀ sí, READY ni, kì í ṣe ACC, P ni, kì í ṣe N, kó tan hítà, kó sì rí i pé READY ti kú kó tó bọ́ sílẹ̀.